Wákàtí Márùn-ún sí Jídà, Ogún Ìṣẹ́jú sí Ìdúmàgbò

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí, ọmọ kéú wa kan ló dá a sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, a ń kà fún wọn ní orí tó sọ nípa ìrun onírìn-àjò. Ọmọ yìí na ọwọ́ sókè, ó ní: "Ààfáà, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, wákàtí mẹ́rin gbáko ni a lò nínú gòsíló láti CMS dé Ìkòròdú. Bàbá ọ̀rẹ́ mi tó lọ sí Mẹ́kà sọ fún wa pé wákàtí márùn-ún àti díẹ̀ ni bàálù fi gbé àwọn láti Èkó dé Jídà. Ṣé èmi náà kì í ṣe onírìn-àjò lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn ni? Ṣé n kò lè dín ìrun mi kù?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kí a má purọ́, àwa náà rẹ́rìn-ín. A ní kí ó jókòó, pé Ìkòròdú kò tó ìrìn-àjò, a sì ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn.

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, tí a wá dúró sí ìdíkọ̀ CMS, tí àwa àti ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn ń retí ọkọ̀ tí kò wá, ni a tó rí i pé ẹ̀rín kì í ṣe èsì. Ohun tó lójú ni ọmọ náà béèrè. Kí ni à ń pè ní jíjìn gan-an? Ṣé ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjì ni, àbí àkókò tí a ó lò kí a tó dé ibẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ náà. Bí a bá fa okùn láti Èkó dé Jídà, kò ní dín púpọ̀ kò sì ní lé púpọ̀ sí 4,200 kìlómítà, èyí tí í ṣe nǹkan bíi 2,600 máìlì. Bàálù ńlá tó ń kó èrò, bí ó bá ti dé òkè téńté, a máa sáré tó nǹkan bíi 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Èyí túmọ̀ sí pé kìlómítà 15 ló ń ré kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ẹ pín 4,200 sí ọ̀nà 900, ẹ fi àkókò tí yóò fi gbéra àti èyí tí yóò fi balẹ̀ kún un, wákàtí márùn-ún àti díẹ̀ náà ni yóò jẹ́. Aago Jídà sì fi wákàtí méjì ṣíwájú tiwa. Ẹni tó bá kí Àsùbáà ní Èkó, tí ó wọ bàálù ní aago mẹ́jọ, yóò bá àwọn ará Jídà nídìí ọ̀rọ̀ Alásárì. Wákàtí méjì ti sọnù nínú ọjọ́ rẹ̀, ìgbà tí ó bá ń bọ̀ wálé ni yóò tó rí i gbà padà. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ẹni tó bá gba àwẹ̀ nínú bàálù pé kí ó má wo aago Èkó, kí ó má sì wo ti ìlú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Oòrùn tí òun fúnra rẹ̀ ń wò lójú fèrèsé ni kí ó dúró dè kí ó wọ̀.

Ilẹ̀ tí a wọ̀n yìí kò yí padà láti ọjọ́ tí Ọlọ́hun ti dá a. Àkókò ló ń yí padà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023 tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan, tí wọ́n ti ojú òfuurufú ibẹ̀ pa, àwọn bàálù tó ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí Mẹ́kà lọ́dún náà ní láti yí po, ìrìn náà sì gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Jídà kò sún kúrò níbi tí ó wà. Ìbọn tí àwọn ọmọ ìyá méjì ń yìn síra wọn ní Khartoum ló mú un jìnnà sí wa.

Àwọn baba wa kò fi kìlómítà wọn ọ̀nà. Bí ẹ bá bi àgbà ayé àtijọ́ bí ìlú kan ṣe jìn tó, iye ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yóò fi rìn ín ni yóò sọ. Àwọn Lárúbáwá náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọlọ́hun ń sọ nípa afẹ́fẹ́ tí Ó tẹ̀ ba fún Ànábì Sulaymān nínú Súratu Sabaʾ, ìrìn oṣù kan ni Ó pe ìrìn àárọ̀ rẹ̀, ìrìn oṣù kan náà ni Ó sì pe ti ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Ànábì wa (SAW) sọ fún àwọn Kùráyṣì pé òun lọ sí Baytul-Maqdis òun sì padà lóru ọjọ́ kan, ohun tó dá iyàn sílẹ̀ ni pé oṣù kan ni ràkúnmí wọn fi ń lọ, oṣù kan ló sì fi ń bọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 1,240 kìlómítà lọ. Bàálù òde òní kì í lò tó wákàtí méjì lórí irú rẹ̀. Àwọn tó ń jiyàn nígbà náà ìbá rí wa lónìí!

Ó wá dà bí ẹni pé ọmọ kéú wa jàre, pé àkókò ni jíjìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn onímọ̀ fíìkì ṣe. Nínú Risālah ti Ibn Abī Zayd, tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-kéú káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, máìlì 48 ni òdiwọ̀n ìrìn-àjò tí a fi ń dín ìrun kù. Imám Málíkì náà sọ nínú Muwaṭṭaʾ pé Ibn Abbās a máa dín ìrun rẹ̀ kù bí ìrìn rẹ̀ bá tó láti Mẹ́kà dé Ṭāʾif, tàbí láti Mẹ́kà dé ʿUsfān, tàbí láti Mẹ́kà dé Jídà. Jídà yìí kan náà! Ó tó nǹkan bíi 80 kìlómítà. Bàálù tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ní lo ìṣẹ́jú mẹ́fà lórí rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ààfáà kan nínú ẹgbẹ́ Málíkì tó sọ pé nítorí ìṣẹ́jú mẹ́fà yìí, kí ẹni tó wà nínú bàálù kí ìrun rẹ̀ pé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé rí, ní ọ̀nà mìíràn. Ayah tó fún wa láyè láti dín ìrun kù nínú Súratu n-Nisāʾ mẹ́nu ba ìbẹ̀rù àwọn ọ̀tá. Nígbà tí ọ̀tá kò sí mọ́, tí ọ̀nà ti tòrò, Yaʿlā ọmọ Umayyah lọ bá Sayyidinā Umar, ó bi í pé kí ló dé tí a ṣì ń dín ìrun kù nígbà tí ọkàn wa ti balẹ̀. Umar jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó ya òun náà lẹ́nu, òun sì ti bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW). Èsì tí òun gbà ni pé sàráà ni Ọlọ́hun fi ta wá lọ́rẹ, kí a gbà á lọ́wọ́ Rẹ̀. Ó pọ̀ díẹ̀ tí a ti ń ka hádíìsì yìí fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ tí a dúró sí CMS yẹn ni ó tó yé wa.

Sàráà kì í ṣe owó iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìnira ni Ọlọ́hun ń sanwó rẹ̀, àwọn alábàárù tó ń fi orí ru ẹrù ní Ìdúmọ̀tà láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní kí ráká mẹ́rin láyé wọn. Ta ni yóò sì wọn ìnira náà? Kálukú ni yóò fi òṣùwọ̀n ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, kò sì sí ẹni tí tirẹ̀ kò ní wúwo. Máìlì kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. A mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kò fi ẹnu kò lórí òdiwọ̀n yìí. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni Imám Abū Ḥanīfah mú. Ibn Taymiyyah ní tirẹ̀ sọ pé kò sí iye kan pàtó, ohun tí àwọn èèyàn bá ti ń pè ní ìrìn-àjò láàárín ara wọn ni ìrìn-àjò. Pẹ̀lú èyí náà, ọmọ wa kò jàre. Kò sí ẹni tó ń di ẹrù nítorí Ìkòròdú, kò sì sí ẹni tí ẹbí sin dé ìdíkọ̀ kí wọ́n tó dágbére fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé jíjókòó nínú bàálù, ibi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́, kì í ṣe ìrìn-àjò. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1973, bàálù tó ń kó àwọn àlájì bọ̀ láti Jídà sí Èkó kò rí Èkó balẹ̀ sí nítorí ojú ọjọ́. Ó yà sí Kánò, ó sì jàǹbá níbẹ̀. Èèyàn 176 ló kú. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1991, ní Jídà fúnra rẹ̀, bàálù mìíràn tó fẹ́ kó àwọn àlájì wa padà sí Sókótó gbiná lójú ọ̀run, àwọn 261 tó wà nínú rẹ̀ kò sì yọ ẹnì kan. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn.

Ohun kan tún wà tí a rí ní ọdún tí àwa náà lọ. Ní pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkejà, bàálù wa kò tètè dé. A sùn síbẹ̀, a jí síbẹ̀. Nígbà tí ìrun tó, ọ̀pọ̀ nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í dín tiwọn kù. A ní kí wọ́n dúró ná. Ẹni tó ń lọ sí ìrìn-àjò kì í dín ìrun kù títí yóò fi fi ilé ìlú rẹ̀ sẹ́yìn. Alàgbà kan bínú sí wa, wọ́n ní: "Ààfáà, ẹsẹ̀ wa ti kúrò nílé." Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti kúrò nílé, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò ní ìlú. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ti Ìsàlẹ̀ Èkó jáde tí ó sì ré Afárá Carter kọjá ti fi Èkó sẹ́yìn. Lónìí, láti Ìgá Ìdúngànran dé Ìkejà, dé Agége, títí kan Sángo, ilé kò dá. Afárá kẹta tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990, tó gùn tó 11.8 kìlómítà, orí omi ni a ti ń wo ilé. A gbà pé ìlú kan ni gbogbo rẹ̀. Alàgbà náà kò bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi dé Mọ̀dínà.

Ẹ jẹ́ kí a wá kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìrun.

Kí bàálù tó dé, àwọn kan fi ẹsẹ̀ lọ sí Mẹ́kà láti ilẹ̀ wa. Wọ́n á gba Kánò lọ sí Bọ̀rnó, wọ́n á la Chad kọjá, wọ́n á wọ Darfur, títí wọn yóò fi dé etí Òkun Pupa, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Jídà. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí owó bá tán wọn lọ́wọ́, wọ́n á dúró, wọ́n á ṣe lébìrà nínú oko òwú ní Gezira, wọ́n á kọ́ ọmọ aláwo ní kéú, wọ́n á fẹ́ ìyàwó, wọ́n á bímọ. Àwọn kan kò padà mọ́. Àtọmọdọ́mọ àwọn tó ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá wà ní Sudan títí di òní, Takārīr ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tó yá ni ìjọba dá sí i. Ní ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú àwọn onírìn-àjò Hájì sílẹ̀, bàálù sì wá rọ́pò ẹsẹ̀.

Gbogbo wa ni a ń dúpẹ́ pé ọ̀nà kúrú. Ṣùgbọ́n ta ni ó kúrú fún? Ní ọdún 2025, owó tí ẹni tó bá ti ìpínlẹ̀ apá gúúsù lọ san lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún méje náírà. Owó oṣù tí òfin sọ pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbà kéré sí láti ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí òṣìṣẹ́ yìí kò bá jẹun, tí kò san owó ilé, tí kò wọ ọkọ̀, tí ó kó gbogbo owó oṣù rẹ̀ pamọ́, yóò lé ní oṣù 120 kí ó tó pé. Ọdún mẹ́wàá ó lé! Ẹ fi wé ti ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn. Bí a bá ní àkókò ni jíjìn, a jẹ́ pé Jídà ti òṣìṣẹ́ yìí jìn ju ti bàbá ńlá rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ni owó ọkọ̀ nígbà náà, kò sì sí tálákà tí kò ní í.

A kò sọ pé ayé àtijọ́ dára jù o. Òǹgbẹ pa wọ́n, àrùn pa wọ́n, àwọn akónilẹ́rú jí òmíràn gbé lójú ọ̀nà. Nínú Súratu Sabaʾ náà, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn kan tí Ó mú ọ̀nà rọrùn fún, ìlú kan súnmọ́ èkejì, tí wọ́n fi ẹnu ara wọn bẹ̀bẹ̀ pé kí Ó mú ìrìn-àjò àwọn jìn sí i. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ẹni tó bá ń sọ pé Hájì òde òní kì í ṣe Hájì nítorí pé kò nira, kí ó ṣọ́ra kí ó má gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Hájì kò sì wọ ọrùn ẹni tí kò ní agbára rẹ̀. Àwọn tí a fẹ́ bi ni àwọn tí ọ̀nà kúrú fún, tí wọ́n ń lọ lẹ́ẹ̀karùn-ún, lẹ́ẹ̀kẹfà, tí àbúrò bàbá wọn kò sì tíì rí ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ rí.

Yorùbá máa ń sọ pé ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kì í ṣe ọmọ àlè. Bí ilé rẹ̀ bá wà nítòsí, yóò lọ. Ọmọ bíbí tí ọ̀nà rẹ̀ kò jìn ńkọ́, tí kò lọ? A mọ ọ̀kan nínú wọn. Àwa náà ni.

Ààfáà tó kọ́ wa ní kéú, tó kọ álífù sí wàláà fún wa, Ìdúmàgbò ni ilé wọn wà. Láti CMS, bí èèyàn bá gba ọ̀nà Ìdúmọ̀tà, tí kò dúró nájà, ogún ìṣẹ́jú ni. Ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé, Bàbá kò lè dìde nílẹ̀ mọ́. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta yìí, CMS ni a ti ń bọ́ sílẹ̀ láràárọ̀. A ó yà sí ọ̀nà Òkè Súnà tí ilé-kéú wa wà, a ó sì fi ọ̀nà Ìdúmọ̀tà sílẹ̀. A ó ní ó di ọ̀la. A ó ní ó di Jímọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a dé ibẹ̀.

Ní ọdún tí Ọlọ́hun rán wa lọ́wọ́ láti lọ sí Hájì, a lọ dágbére. Bàbá bi wá pé: "Wákàtí mélòó ni wọ́n ní ó jẹ́ dé ọ̀hún?" A ní: "Wákàtí márùn-ún àti díẹ̀ ni, Bàbá." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún ní: "Láti CMS síbí ńkọ́?" A rò pé wọ́n fẹ́ mọ bí a ṣe wá ni. A ní: "Ogún ìṣẹ́jú ni, Bàbá." Wọ́n ní: "Ọlọ́hun á mú ọ lọ, á mú ọ bọ̀." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Nínú bàálù, ó ku díẹ̀ kí a dé Jídà, ni ìbéèrè náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ wá létí.

Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Arafat, a fi orúkọ Bàbá tọrọ àlááfíà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. A ra ike kan, a bu omi Samusámù sí i, a ní ti Bàbá nìyí. A dé sí Èkó láyọ̀. Àwọn tó ń kí wa káàbọ̀ kún ilé, ó sì rẹ̀ wá. Ọjọ́ kọkànlá ni a tó gbé omi náà lọ sí Ìdúmàgbò. Wọ́n ti sin Bàbá ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n rán sí wa bá ilé wa nígbà tí a jáde, ó jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọmọ kékeré kan, ọmọ náà sì gbàgbé.

Ìyá gba ike náà lọ́wọ́ wa. Wọ́n bu díẹ̀ díẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ tó wà nínú ilé. Wọ́n wá ní: "Bàbá gbọ́ pé o ti dé. Wọ́n ní kí a gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Àga náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí a wọlé.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé èyí tí ọmọ kéú wa béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀, a pè é síwájú, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú sí ẹ̀rín wa. A ka Risālah fún un, a jẹ́ kí ó mọ̀ pé kò lè dín ìrun kù ní Ìkòròdú, bí ó ti wù kí gòsíló pọ̀ tó. Ó gbà. A wá bi í pé ta ni ó tilẹ̀ ń lọ wò níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní ìyá tó bí ìyá òun ni, wọn kò ríran mọ́, ọ̀sẹ̀ọ̀ọ̀sẹ̀ ni òun sì ń lọ.